Ibo La Máa Da Omi Yìí Sí?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí à ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, nípa epo rọ̀bì tó dà sínú omi. Olùkọ́ tó bá ti kọ́ ọmọdé rí á mọ ẹ̀kọ́ náà: ẹ gbé bàsíà kan kalẹ̀, ẹ bu omi sí i, ẹ da epo lé e lórí, ẹ fún àwọn ọmọ ní òwú, fóòmù àti ṣíbí, kí wọ́n máa wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi kó epo náà kúrò. Ariwo á sọ, ọwọ́ á dọ̀tí, inú ọmọ á dùn. Tó bá yá, olùkọ́ á ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹ̀kọ́ parí.

Ibi tó ń parí sí yẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. A ti kó epo kúrò lójú omi, ó tán. Epo tí a kó ńkọ́? Òwú tó ti mu epo yó ńkọ́? Omi dúdú tó kù nínú bàsíà, ta ló ń gbé e lọ, ibo ló sì ń dà á sí? Mo ti wo fídíò irú ẹ̀kọ́ yìí láti Amẹ́ríkà, láti Ìlú Ọba, àti láti Èkó níbí. Mi ò tíì rí ẹyọ kan tó fi ibi tí wọ́n da omi náà sí hàn wá. Ibi tí àtẹ́wọ́ bá ti dún ni fídíò ń parí sí.

Ìgbóòkodà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn ọmọ ọdún 6 sí 8 ni mo sì ń kọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé omi ni ọ̀nà wa, omi náà ni oko wa. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá ta àwọ̀n, ìyá rẹ̀ á máa sá edé. Ohun tó bá dà sómi, orí tábìlì wọn ló ń bọ̀.

Nínú bàsíà

Ohun èlò wa kò pọ̀. Òróró tí mo po eèédú lílọ̀ mọ́ la fi ṣe epo rọ̀bì. Epo rọ̀bì gidi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọdé, kẹrosíìnì àti epo ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì: èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ wà nínú wọn, iná sì ń ràn mọ́ wọn wéré. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé òróró oúnjẹ lásán leléyìí, pé èyí tó ń dà sókun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni bí epo ṣe ń tàn. Ṣíbí kan péré ni mo rọra dà sí àárín omi. Wọ́n rò pé á dúró síbi tí mo dà á sí. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, ó ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ bàsíà. Ọmọkùnrin kan tẹ orí mọ́lẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Epo ṣí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lọ bá àwọn tó jókòó lódìkejì. Ọmọ kan níbẹ̀ figbe ta: "Má fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ wa!"

Mo dúró lórí igbe yẹn, torí ìtàn etí òkun wa ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, ọ̀pá epo Mobil kan bẹ́ ní Idoho, nínú òkun Akwa Ibom. Nǹkan bí 40,000 àgbá epo rọ̀bì ló dà sómi. Ìgbì àti afẹ́fẹ́ gbé e gba apá ìwọ̀-oòrùn lọ títí ó fi dé etí òkun Èkó. Mo fa máàpù yọ, mo ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti Akwa Ibom dé Èkó, kí wọ́n wo etí òkun ta ni ìka wọn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Wọ́n rí i fúnra wọn.

Lẹ́yìn náà la kó òwú jáde. Oríṣi méjì ni mo mú wá: òwú funfun tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, àti òwú igi àràbà, èyí tí àwọn àgbà fi ń kún ìrọ̀rí látijọ́. Gbogbo wọn ló dá tẹ́tẹ́ sí òwú ilé oògùn, ó funfun, ó rọ̀. A jù ú sómi. Ó mu omi, ó mu epo, kò yàn, ó wúwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Òwú àràbà ní tirẹ̀ léfòó. Ohun bí ìda wà lára fọ́nrán rẹ̀, omi kì í ráyè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n epo ń fà mọ́ ọn. Ọmọ tó mú un lọ́wọ́ fi kan epo lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sókè, ó dúdú kirikiri. Omi tó ń kán lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní, "Àǹtí, eléyìí gbọ́n!" Mi ò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó ti lóye rẹ̀.

Ọṣẹ olómi ló kẹ́yìn. A kán an sí àárín, epo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé wọ́n lé e. A fi igi rò ó, epo fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú omi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Wọ́n pariwo: "Ó ti tán! Ó ti lọ!" Mo bu omi náà sínú ìgò tí ń fi inú hàn, mo gbé e sójú oòrùn. Inú rẹ̀ ṣú dùdù. Epo kò lọ síbì kankan. Ojú omi ló kúrò, ó wọ inú lọ bá ẹja. Lọ́dún 2010, nígbà tí kànga epo Macondo bú gbàù nínú òkun tó wà lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ 11 kú, epo sì ń tú jáde fún ọjọ́ 87. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 lítà kẹ́míkà ni wọ́n dà sí i láti fọ́ epo náà wẹ́wẹ́ báyìí. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é: epo tó bá fọ́ kéékèèké kò ní tètè dé etí òkun, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi sì lè rí i jẹ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé fífọ́ kì í ṣe títán.

Ọmọbìnrin tó di etí bàsíà mú

Àsìkò oúnjẹ ti ń tó. Mo ní kí ọmọ méjì bá mi di etí bàsíà mú ká gbé e jáde. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì. Ó di etí bàsíà mú, ṣùgbọ́n kò gbé e. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ibo la máa dà á sí?"

Mo jọ̀wọ́ bàsíà padà sórí tábìlì. Mo ní kí gbogbo kíláàsì bá wa dá a lóhùn.

Ọmọ kan ní ká dà á sí gọ́tà. Wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán tí ẹlòmíràn fi ní gọ́tà ń ṣàn lọ sódò. Òmíràn ní sínú koríko lẹ́yìn kíláàsì. Àwọn méjì ké lọ́wọ́ kan náà pé ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ìyá olóúnjẹ ti ń jẹko. Ṣáláńgá ńkọ́? Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ kànga ní ṣáláńgá àti kànga kì í jìnnà síra lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbẹ́ ihò, ká rì í. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kò tiẹ̀ ro ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì: lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi á yọ sí ọ lẹ́sẹ̀.

Ó ku iná. Ẹ jẹ́ ká sá òwú náà gbẹ, ká sun ún. Mo rò pé wọ́n á fara mọ́ ọn. Ọmọ kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń pẹja lápá Awóyè ló ní, "Èéfín rẹ̀ á wọlé wa." Mi ò sọ ohunkóhun fún wọn nípa Ororo-1 lọ́jọ́ náà. Láti ọdún 2020 ni iná ti sọ ní kànga epo yẹn nínú òkun tó kọjú sí Awóyè, tó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ yìí ti gbọ́njú ni ìròyìn iná náà ti wà nínú ilé wọn.

Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rí ojútùú: "Ẹ jẹ́ ká lọ dà á sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn náà á béèrè ibi tí wọ́n máa dà á sí."

Àwọn àgbà náà ti dán gbogbo rẹ̀ wò

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mò ń rò ni pé kò sí ìkankan nínú àbá àwọn ọmọ yẹn tí àwọn àgbà kò tíì fi owó ńláńlá ṣe rí. Ẹ wo ti ìsun. Ní Macondo yẹn kan náà, wọ́n dáná sun epo lójú omi. Àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò ibi tí epo náà gbà lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010: 5 nínú 100 ló jóná, 3 nínú 100 péré ni wọ́n rí fi ọkọ̀ kó lójú omi. Pẹ̀lú gbogbo agbára Amẹ́ríkà, 3 nínú 100! Ìdí nìyẹn tí bàsíà tó mọ́ tán ní ìparí ẹ̀kọ́ kì í fi í ṣe òtítọ́ pátápátá fún ọmọ.

Fífọ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez fẹ̀gbẹ́ lu òkúta ní Alaska, nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 lítà epo rọ̀bì tú sómi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n ń fi omi gbígbóná fọ àwọn òkúta etí òkun. Omi gbígbóná náà pa ọ̀pọ̀ ohun ẹlẹ́mìí tí epo kò tíì rí pa. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá hú òkúta àti yanrìn níbòmíràn ní etí òkun yẹn ṣì ń bá epo níbẹ̀.

Ti rírì ló sún mọ́ wa jù. Lọ́dún 2011, UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ nípa ilẹ̀ Ògóni jáde. Láwọn ibì kan, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń sun sí kànga àwọn ará ìlú. Èròjà benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ, ju ìlọ́po 900 òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé lọ nínú omi tí wọ́n ń mu. Ní Ejama-Ebubu, epo tó dà sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ìwádìí náà ṣì wà níbẹ̀ kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti ní àwọn tún ibẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe nígbà náà ló yẹ kí olùkọ́ ọmọdé mọ̀. Wọ́n ń tú òkè ilẹ̀, wọ́n ń bu ajílẹ̀ sí i, kí kòkòrò àìfojúrí lè máa jẹ epo inú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé kòkòrò wọ̀nyí wà, wọ́n sì ń jẹ epo. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, torí bí epo ṣe ń tán lóòótọ́ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, níbi tí atẹ́gùn bá ti ń kan án. Ṣùgbọ́n UNEP ní ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ ní Ògóni, nítorí epo ti wọlẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ń tú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ọdún 25 sí 30 ni wọ́n dá pé ilẹ̀ àti omi Ògóni máa gbà kó tó bọ̀ sípò. Ọmọ ọdún 7 tó ń kọ́ nípa bàsíà lónìí á ti ní ọmọ tirẹ̀ kí ìyẹn tó pé.

Ẹni tó da eérú

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì máa ń pa á fún àwọn ọmọ tó bá ń bú ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, mi ò lè pa á kí n má fi ọ̀rọ̀ kún un, torí eérú kì í sábà tọ ẹni tó dà á. Ẹni tó ni àwọ̀n ló ń tọ̀. Ní Bodo, nílẹ̀ Ògóni, epo tú lẹ́ẹ̀mejì láti inú ọ̀pá Shell lọ́dún 2008. Ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ún owó Ìlú Ọba, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti gbé ẹjọ́ náà dé London. Láàárín ọdún 2008 sí 2015, àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn yọ sókè, níbi tí ẹja ń yé ẹyin sí, ti kú lọ salalu.

Ṣé ó wá yẹ ká sọ irú èyí fún ọmọ kékeré? Òbí kan wá bá mi lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi dé ilé, kò fẹ́ jẹ́ kí n da omi abọ́ nù mọ́. Ṣé ẹ ò ti máa dẹ́rù bà wọ́n báyìí?" Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ̀rù kì í kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ti bà á á kàn dijú ni. Mi ò sì fi àwòrán ẹyẹ tó kú hàn wọ́n, mi ò sì ní fi hàn wọ́n.

Ohun tí mo sọ fún òbí náà ni pé ọmọ tó ń béèrè ibi tí omi abọ́ ń lọ kò ì tíì bẹ̀rù, ó ń ronú ni. Ohun tí mò ń sá fún gan-an ni kí á fi àtẹ́wọ́ parí ẹ̀kọ́, kí ọmọ wá dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ohun tí a dà sómi tí òwú díẹ̀ àti ọṣẹ kò lè yanjú. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ láti kékeré, kò ní béèrè nǹkan kan nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn kànga epo tuntun wá sí ìlú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún 7 lè mọ̀ pé nǹkan kì í pòórá, pé ibì kan ló ń lọ, àti pé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀. Mi ò tíì rí ọmọ kan tí òye yẹn pọ̀ jù fún.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n yí ẹ̀kọ́ náà padà. Ní báyìí, bàsíà kì í kúrò lórí tábìlì títí àwọn ọmọ á fi fẹnu kò lórí ibi tí ohun inú rẹ̀ ń lọ, kí wọ́n sì sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó máa ń gba àkókò ju fífọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, a fi ìgò gba epo tó léfòó, a dé e pinpin, a di òwú mọ́ inú ọ̀rá. Omi ọlọ́ṣẹ nìkan ló kù tí kò rí ibi lọ, wọ́n sì bára wọn jiyàn lé e lórí títí agogo fi lù.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó wọn lọ sí etí omi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ gan-an, epo ti mu ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i. Ọmọbìnrin tó di etí bàsíà mú yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, epo dúdú tẹ́ ẹ bá yọ nínú ẹ́ńjìnnì, ibo lẹ máa ń dà á sí?"

Ó wo ojú mi, ó tún wo ojú ọmọ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àwọn kan ń wá rà á, wọ́n á fi kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà ń fi pa inú mọ́ọ̀dù wọn. Èyí tí wọn ò bá rà, inú omi ló ń lọ. Ṣé o mọ ibòmíràn?"

Ọmọ náà ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá." Ọkùnrin náà kò bínú rárá. Ó yíjú sí mi: "Tíṣà, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ wá sọ fún mi. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e lọ."

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ọmọkùnrin kan béèrè pé tí wọ́n bá fi pákó tí wọ́n kun epo yẹn kọ́ ilé sórí omi ńkọ́, ṣé epo náà kò ní máa jò padà sómi ni? Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí wọn lápá etíkun ló dúró lórí òpó lójú omi, torí náà ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. A máa ki pákó tí wọ́n kun bẹ́ẹ̀ bọ inú bàsíà mìíràn. Èmi ni màá fi ìbọ̀wọ́ gbé e, àwọn á jókòó jìnnà, wọ́n á máa wo ojú omi lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa ya ohun tí wọ́n bá rí.

Ní ti ìbéèrè bàbá yẹn, a ṣì ń wá ìdáhùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń gba epo ẹ́ńjìnnì àlòkù ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí wọ́n sì lè fi hàn wá ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n mọ̀. Bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tirẹ̀ jọ sínú kẹ́ẹ̀gì.